Béèsì gìtá olówó àárín tó ṣe é gbára lé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tí èyí tó kọ́kọ́ rà já kulẹ̀

Ẹni tó ti fi owó gidi ra béèsì gìtá, tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ kí ọdún tó yí po, tí okùn ń gbá irin fret (àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá), tí jáàkì (ihò tí a ń ki kébù sí) sì ń gé ohùn nígbà tí ìyìn bá gbóná, onítọ̀hún ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn oníbéèsì ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ṣeré lóde àríyá, àti àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ gìtá ń bi mí lemọ́lemọ́. Orí ohun kan ni ìdáhùn mi dúró lé: ọrùn ni ẹ ń rà. Pickup (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn okùn), jáàkì, peg (èyí tí a ń yí láti fa okùn) àti okùn ṣe é pààrọ̀ láìná owó púpọ̀. Ọrùn tó bá ti lọ́, owó tí ẹ máa fi tún un ṣe kò ní jìnnà sí owó gìtá mìíràn.

Tuntun ni mo rà á. Kí ló dé tó fi tètè bàjẹ́?

Igi rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Okùn mẹ́rin tí a bá fà dé E, A, D, G (orúkọ ohùn okùn kọ̀ọ̀kan) ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó ju 70 kílógíráàmù lọ, tọ̀sán tòru, yálà ẹ ń ta á tàbí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Bí wọ́n bá gé igi yẹn láìjẹ́ kó gbẹ dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé ìlà inú igi náà kò lọ gbọọrọ, bó pẹ́ bó yá, yóò tẹ̀ fún okùn. Ibi tí àwọn tó ń ṣe gìtá olówó pọ́ọ́kú ti máa ń dín ìnáwó kù nìyẹn, nítorí pé igi tó ń sinmi nínú ilé ìkẹ́rù kò tíì pa owó wọlé.

Ojú ọjọ́ wa náà ní ìpín tirẹ̀. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Èkó a kún fún omi débi pé ilẹ̀kùn pákó á há. Tó bá di oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ọyẹ́ á gbẹ gbogbo nǹkan. Igi ń wú, igi ń sún kì, ṣùgbọ́n irin fret tó wà lórí rẹ̀ kì í bá a sún kì. Ìdí nìyẹn tí etí fret fi máa ń yọ síta lásìkò ọyẹ́, tí á máa ha ọwọ́.

Ìkẹta ni fret tí wọn kò fẹ̀sọ̀ gún dọ́gba. Tí ẹyọ kan bá ga ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ díẹ̀ péré, ohùn tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á máa buzz, ìyẹn ni pé okùn á máa gbọ̀n mọ́ irin. Ìkẹrin ni iná inú rẹ̀: jáàkì tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, knob tó ń ha tí ẹ bá yí i, wáyà tí lẹ́ẹ̀dì kò mú dáadáa. Ti iná yìí kò tó kí ẹ bá a sunkún rárá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́ pátápátá, àbí setup (àtúntò ọrùn àti okùn rẹ̀) ló ń fẹ́?

Ẹ má ra òmíràn kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ béèsì tí wọ́n gbé wá pé ó ti kú, setup péré ló ń fẹ́.

Ẹ fi ìka kan tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Okùn yẹn ti di rúlà báyìí. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret 7 tàbí 8. Tí ó bá tó nǹkan bí 0.3 mìlímítà, ìyẹn ìnípọn káàdì ìdánimọ̀ oníwèé tí àwọn oníṣòwò máa ń pín, ọrùn yín dára. Bí àlàfo náà bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ọrùn ti tẹ̀ síwájú. Bí okùn bá lẹ̀ mọ́ fret pátápátá láìsí àlàfo kankan, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn.

Inú ọrùn yẹn ni irin gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní truss rod. Kọ́kọ́rọ́ Allen ni wọ́n sábà fi ń yí i. Tí ọrùn bá tẹ̀ síwájú, ẹ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ìdámẹ́rin ìyípo kan péré, kí ẹ sì dúró kí igi gba ìyípadà náà kí ẹ tó tún wọ̀n ọ́n. Tí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ yí i sí òdì kejì. Ẹ má fi ipá yí i láé. Irin tó bá já nínú ọrùn ti parí iṣẹ́ ọrùn náà.

Èwo ni kò látùn-únṣe? Ọrùn tó lọ́, tí apá okùn E tẹ̀ síwájú tí apá okùn G sì dúró gbọọrọ. Truss rod kò lè tún ìyẹn ṣe, torí ìtẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn nìkan ló wà fún. Irú rẹ̀ náà ni gìtá tí truss rod rẹ̀ ti fún dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀ síbẹ̀, àti èyí tí igi ìdí orí rẹ̀ ti sán. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ tú pickup àti peg tó bá ṣì dára lára rẹ̀, kí ẹ lọ wá òmíràn.

Èló lẹ ń pè ní owó àárín?

Láàárín 300 sí 700 dọ́là Amẹ́ríkà fún tuntun. Mi ò kọ náírà síbẹ̀, nítorí láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa léfòó, iye tí mo bá kọ lónìí lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà lọ́la. Ẹ fi iye dọ́là ọjọ́ náà ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì fi owó ẹrù kún un.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìpele yìí ni pé ibẹ̀ ni ọrùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Ẹ máa rí ọrùn tí wọ́n fi igi mẹ́ta tàbí márùn-ún lẹ̀ pọ̀, tí kì í tètè lọ́ bíi ti ẹlẹ́yọ kan. Ẹ máa rí etí fret tí wọ́n fi fáìlì dán, peg tó ń di okùn mú, àti nut (ègé kékeré tó gbé okùn ní ìdí orí gìtá) tí wọ́n gé bó ṣe yẹ. Tí owó bá ti kọjá 700, púpọ̀ nínú àfikún náà ń lọ sórí ẹwà igi, ọ̀dà, pickup olórúkọ àti owó òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹni tí gìtá já kulẹ̀ ń wá.

Ẹ má ná gbogbo owó sórí gìtá. Ẹ yọ owó setup, okùn tuntun, àpò tó nípọn àti kébù gidi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárúkọ. Èwo gan-an ni kí n rà?

Ó dáa. Tí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n kó owó fún pé kí n rà á fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, Yamaha ni mo máa kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe torí pé ó dùn ju gbogbo yòókù lọ, bí kò ṣe torí pé ẹyọ kan àti èkejì rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra lọ títí. Èyí tí ẹ tọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù àti èyí tí wọ́n máa fi sínú páálí fún yín máa ń jọra, àlàáfíà ńlá sì nìyẹn fún ẹni tí gìtá ti já kulẹ̀ rí. TRBX304 ni olókùn mẹ́rin wọn ní ìpele yìí, TRBX305 ni olókùn márùn-ún. Igi márùn-ún, maple àti mahogany, ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe ọrùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bátìrì nínú gìtá rẹ̀, kó wo BB434: passive ni, ìdè (bóòtù) mẹ́fà ló sì de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Tí owó bá kéré, TRBX174 ṣì ṣe é gbé dé ibi orin láìtijú.

Ibanez SR300E àti àbúrò rẹ̀ olókùn márùn-ún, SR305E, wà fún ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú tàbí tó ń dúró ta gìtá fún wákàtí púpọ̀. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ọrùn tín-ín-rín yẹn náà ni kí ẹ ṣọ́: ó máa ń fẹ́ kí a ṣàtúnṣe truss rod rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí i kò níṣòro.

Squier jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Fender. Ọ̀wọ́ Classic Vibe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ni kí ẹ wá, ẹ má ṣe dàrú mọ́ àwọn ọ̀wọ́ Squier tó kéré sí i lówó. Precision tàbí Jazz ni ẹ máa rí níbẹ̀. Precision ni Leo Fender gbé jáde ní California ní 1951, Jazz tẹ̀ lé e ní 1960, orí àwòrán méjèèjì yìí sì ni ọ̀pọ̀ béèsì ayé ṣì dúró lé títí dòní. Anfààní tó wà nínú èyí ni pé gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ẹ máa rí àrọ́pò rẹ̀ rà.

Sire, tí wọ́n bá Marcus Miller, gbajúmọ̀ oníbéèsì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2015, ń fún yín ní nǹkan púpọ̀ fún owó yín, V7 ní pàtàkì. Ohùn rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn wúwo, nítorí náà ẹ gbé e kọ́rùn kí ẹ tó sanwó. Cort ni orúkọ tí àwọn ènìyàn máa ń fojú di. Ilé iṣẹ́ wọn ní Surabaya, ní Indonéṣíà, ti bá ọ̀pọ̀ orúkọ ńlá ṣe gìtá. Tí ẹ bá rí Cort tí ọrùn rẹ̀ tọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ dẹ́rù bà yín.

Wọ́n ní èyí tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà tàbí Ṣáínà kò dára.

Púpọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe orílẹ̀-èdè.

Okùn mẹ́rin tàbí márùn-ún?

Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn akọrin. Ohun tí mo rò nìyí.

Béèsì olókùn mẹ́rin parí sí E nísàlẹ̀. Okùn karùn-ún, B, ló ń fún yín ní E♭, D, D♭, C àti B tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Nínú ìyìn àti ìjọsìn tiwa, olùdarí orin lè gbé orin sí key (ìpele ohùn) èyíkéyìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, oníkíbọ́ọ̀dù á kàn tẹ transpose (bọ́tìnì tó ń yí key padà), ẹ̀yin oníbéèsì ni ẹ máa wá ibi tí orin wà. Tí wọ́n bá gbé e sí E♭ tàbí D♭, olókùn márùn-ún á rí ìdí orin náà nísàlẹ̀ gan-an níbi tó ti máa ń mì ilẹ̀. Olókùn mẹ́rin á gòkè lọ wá a. Orin kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ á yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí olókùn márùn-ún fi gbilẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. B yẹn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ sípíkà tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kò lè gbé e jáde. Ariwo gbùúgbùú lásán ni ìjọ máa gbọ́. Lára gìtá olówó kékeré, okùn B ló sì máa ń kọ́kọ́ fi àṣírí ọrùn hàn: ohùn rẹ̀ á rọ̀, kò ní mọ́. Tí owó yín bá dúró sójú kan, olókùn mẹ́rin tí ẹ bá fi owó yẹn rà máa ń dára ju olókùn márùn-ún lọ. Àwọn béèsì jùjú àti highlife tí àwọn bàbá wa jó sí ní àwọn ọdún 1970, okùn mẹ́rin ni wọ́n fi ta wọ́n.

Nítorí náà: òde àríyá, jùjú, highlife àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, okùn mẹ́rin. Ẹni tó ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ní subwoofer (sípíkà ńlá fún ohùn ìsàlẹ̀) gidi, okùn márùn-ún, kó sì rí i pé okùn B rẹ̀ nípọn tó ínṣì .130. Béèsì tí gígùn okùn rẹ̀ tó ínṣì 35 dípò 34 tí a mọ̀ máa ń mú kí B le sí i, ṣùgbọ́n ìka á ṣiṣẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Active tàbí passive?

Passive, fún ẹni tí gìtá ti já kulẹ̀ rí. Active ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń jẹ́ kí ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ (bass) àti ohùn òkè (treble) kún ohùn láti ara gìtá, bátìrì 9 fóltì (9V) ló sì ń gbé e. Tí bátìrì bá kú, púpọ̀ nínú wọn á dákẹ́ pátápátá. Bátìrì 9V tí kò dára sì pọ̀ ní ọjà wa.

Tí ẹ bá fẹ́ active síbẹ̀, ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi gbé e sí passive nígbà tí bátìrì bá lọ, bíi Yamaha TRBX504 tàbí Sire V7. Kí ẹ sì máa yọ kébù kúrò lára gìtá tí ẹ bá parí orin. Kébù tó wà nínú jáàkì ló ń jẹ́ kí bátìrì ṣiṣẹ́, kódà bí ẹ bá ti pa amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè). Ẹni tó fi kébù sínú gìtá láti Sunday dé Wednesday máa bá bátìrì tó ti gbẹ.

Gìtá mi máa ń kùn tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Ṣé gìtá ló bàjẹ́ ni?

Ó lè má jẹ́ gìtá. Ẹ fọwọ́ kan okùn. Tí kíkùn náà bá dín kù, wáyà ẹ́ẹ̀tì inú gìtá wà níbẹ̀; ariwo tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni pickup ń gbé, láti ara jẹnẹrétọ̀, iná fluorescent tàbí ṣájà fóònù tó wà nítòsí. Pickup single-coil (èyí tó ní wáyà wíwé kan ṣoṣo) ló máa ń gbé e jù. Lára Jazz Bass, ẹ yí volume méjèèjì dé òpin: ọ̀pọ̀ wọn ni pickup méjèèjì máa ń pa ariwo ara wọn. Precision kò ní wàhálà yẹn, nítorí láti 1957 ni wọ́n ti pín pickup rẹ̀ sí méjì kó lè pa kíkùn. Ẹni tí ibi orin rẹ̀ kún fún ariwo iná, Precision tàbí gìtá tó ní humbucker (pickup tó ní wáyà wíwé méjì tó ń pa kíkùn) ni kó rà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí: tí iná bá ń ta yín lọ́wọ́ tàbí lẹ́nu nígbà tí ẹ bá di gìtá mú tí ẹ sì kan máíkì, ẹ dá orin dúró. Ẹ́ẹ̀tì kò sí nínú iná ilé yẹn tàbí nínú jẹnẹrétọ̀ náà. Ó lè pa ènìyàn. Ẹ pe oníná kó ṣe ẹ́ẹ̀tì gidi, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì nítorí pé kò wọ sókẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ lọ lójú ọ̀sán, nígbà tí ẹ̀yin àti ọlọ́jà kò kánjú. Ẹ mú kébù tiyín tó dá yín lójú lọ, kí ẹ sì ní tuner (èyí tó ń sọ bóyá ohùn okùn péye) lórí fóònù. Tí ọlọ́jà bá ní kò sí iná láti fi tọ́ ọ wò, ẹ ní ẹ máa padà wá nígbà tó bá wà.

Kí ẹ tó so ó mọ́ amp rárá, ẹ gbé e sókè sí ojú bí ẹni ń yẹ pákó wò bóyá ó tọ́, kí ẹ fi ojú kan wo etí ọrùn láti ìdí dé orí. Ẹ wo etí kan, kí ẹ wo èkejì. Tí etí méjèèjì kò bá rìn bákan náà, ọrùn ti lọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ kó mú yín padà sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ fa etí ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí fret tó ń ha díẹ̀ ṣe é fi fáìlì dán, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń gé ọwọ́ ń sọ fún yín pé igi náà ṣì ń gbẹ.

Ẹ wo ibi tí ọrùn ti wọ ara gìtá. Kò yẹ kí àlàfo tí owó bébà lè wọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo okùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn bóyá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ sí etí ọrùn dọ́gba. Tí G bá fẹ́ máa yọ̀ kúrò lórí ọrùn, bridge (irin tó di ìdí okùn mú lára gìtá) tàbí ọrùn kò sí ní ipò tó yẹ.

Ẹ wá tún ohùn rẹ̀ ṣe dé E, A, D, G. Ẹ ta gbogbo fret lórí gbogbo okùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ẹyọ kan. Iṣẹ́ yìí máa ń sú ènìyàn, òun gan-an ló sì máa gbà yín. Ẹ ń gbọ́ buzz, ẹ sì ń gbọ́ ohùn tó bá kú kíákíá ju àwọn tó yí i ká lọ. Lára gìtá tí wọ́n fi ìdè de ọrùn rẹ̀, ibi tí ohùn sábà máa ń kú sí ni okùn G, láàárín fret 5 sí 7. Díẹ̀ kò burú. Tí ohùn náà bá kú pátápátá kí ẹ tó ka ẹ̀ẹ́ta, ẹ bèèrè òmíràn.

Fún intonation (bí ohùn ṣe péye káàkiri ọrùn): ẹ fi ọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lókè fret 12, kí ẹ ta á kó dún bí agogo, kí tuner kà á. Ẹ wá tẹ fret 12 náà gan-an. Ohùn méjèèjì yẹ kó bára mu. Tí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, saddle (irin kékeré tó gbé okùn lórí bridge) yẹ kó sún sẹ́yìn. Tó bá lọ sílẹ̀, kó sún síwájú. Ẹ wò bóyá àyè ṣì wà fún saddle láti sún, nítorí èyí tó ti dé òpin tí ohùn kò sì tíì bára mu, bridge kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Peg: ẹ fa okùn sókè díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ tún wo tuner. Yàtọ̀ sí okùn tuntun tó ṣì ń nà, kò yẹ kí ohùn jábọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Jáàkì: ẹ mi kébù jẹ́jẹ́. Knob: ẹ yí gbogbo rẹ̀ láti òdo dé òpin. Lákòótán, ẹ gbé e kọ́rùn kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Tí orí rẹ̀ bá ń wọ́ lọ sílẹ̀, ọwọ́ òsì yín á máa gbé ẹrù gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ta á.

Báwo ni mo ṣe lè dá ayédèrú mọ̀?

Orúkọ tó wà lórí gìtá kò ju ìwé àlẹ̀mọ́ lọ, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Láti Alábà dé ọjà ìlú èyíkéyìí, ẹ máa rí "Fender" àti "Yamaha" tí kò fojú kan ilé iṣẹ́ wọn rí. Ẹ wá nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí ilé iṣẹ́ náà sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa nọ́mbà wọn. Ẹ ṣí àwòrán gìtá yẹn gan-an lórí ojú òpó ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìrísí orí, iye knob, ibi tí pickup wà, irú bridge, iye fret. Ayédèrú sábà máa ń ṣìṣe níbi orí àti níbi iye knob. Tí owó rẹ̀ bá kéré ju ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, kí ọkàn yín má balẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí níbi ọ̀rọ̀ yìí. Gìtá tí kò lórúkọ tó sì jẹ́wọ́ pé òun kò lórúkọ lè dára. Ayédèrú kì í sábà dára, nítorí pé ẹni tó ń purọ́ lórí orí gìtá kò ní náwó sórí igi inú rẹ̀.

Tókunbọ̀ ńkọ́?

Mo fara mọ́ ọn gan-an. Ọrùn tó ti lo ọdún mẹ́wàá lábẹ́ okùn tó sì ṣì tọ́, ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Owó tí ẹ máa fi ra TRBX tuntun lè ra ohun tó jù ú lọ ní tókunbọ̀.

Ẹ wo fret bóyá okùn ti gbẹ́ ihò sí i lójú. Ẹ wo ẹ̀yìn orí bóyá ọ̀dà ibẹ̀ yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ tí ó bá ti ṣẹ́ rí. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú truss rod, kí ẹ rí i pé ó ṣì yí ní apá méjèèjì. Ìpẹtà lórí ìdè àti bridge kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ ìpẹtà inú jáàkì á gé ohùn. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ òtútù dé tún máa ń yí díẹ̀ kó tó mọ ojú ọjọ́ wa lára, nítorí náà ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílé kí ẹ tó gbé e lọ fún setup.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní London, ó fẹ́ bá mi rà á. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ ní kó rà á lọ́wọ́ ilé ìtajà, kí ẹnìkan tó mọ béèsì ta sì yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ agbẹ́rù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2013 fún ẹni tó bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó gbà á láti sọ pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́, òfin Consumer Rights Act ti 2015 sì fún un ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kó gba owó rẹ̀. Tí gìtá bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú kí ẹnikẹ́ni tó ta á wò, àǹfààní yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, nítorí owó ìdápadà láti Èkó ti tó ra nǹkan mìíràn.

Kó dẹ okùn díẹ̀ kó tó dì í, kó má tú u pátápátá. Kó fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí àti ọrùn, níbi tó ti máa ń ṣẹ́. Tí ó bá dé ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fa okùn rẹ̀.

Ọlọ́jà tó tà á fún mi níbí ní òun kì í gba ọjà padà.

Òfin FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, àti láti dá èyí tó lábùkù padà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti nọ́mbà gìtá náà, ẹ ya fọ́nrán rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ bá ọlọ́jà sọ iye ọjọ́ tó máa fún yín, kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Ọlọ́jà tó gbà láti kọ ọ́ ni mo máa ń padà lọ bá.

Ọmọ mi ọdún mọ́kànlá fẹ́ kọ́ béèsì.

Ẹ ra short scale fún un, èyí tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 30. Ìka rẹ̀ á dé fret láìní ìrora. Ẹ fi owó tó kù san olùkọ́.

Okùn wo ni kí n lò?

Nickel, tó nípọn láti ínṣì .045 sí .105, fún olókùn mẹ́rin. Ẹ lo orúkọ kan náà àti ìnípọn kan náà nígbà gbogbo, torí ọrùn ti mọ agbára tó ń fà á. Tí ẹ bá yí ìnípọn padà, truss rod á tún fẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó ń ta jùjú tàbí highlife, kó gbìyànjú flatwound (okùn tí ojú rẹ̀ dán, tó tẹ́jú) lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ yípo, ó sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún gángan.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀ kó lè pẹ́?

Ẹ nu òógùn kúrò lórí okùn àti ọrùn lẹ́yìn orin. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, nítorí ooru ibẹ̀ lè mú kí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ rọ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ AC tààrà. Lásìkò ọyẹ́, inú àpò ni kó máa wà tí ẹ kò bá ta á. Ẹ wọn ọrùn rẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé, pẹ̀lú okùn àti ìka bí mo ti sọ lókè, kí ẹ sì yí truss rod díẹ̀ tí ó bá yẹ.

Ta ni kí n gbé e fún láti ṣe setup?

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn oníbéèsì tí gìtá wọn kì í buzz, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta á. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe náà, ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tó bá tún ohùn rẹ̀ ṣe, tó fojú wo ọrùn, tó wọn àlàfo kó tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀ tó ń yí saddle sísàlẹ̀ láìwo ọrùn, ẹ gba gìtá yín. Ẹ sọ irú okùn tí ẹ máa ń lò fún un, kó fi irú rẹ̀ ṣe é, kí ẹ sì ta gbogbo fret níwájú rẹ̀ kí ẹ tó san owó iṣẹ́.